Ó Le, Ṣùgbọ́n Kò Dí

Bí ẹ bá dé Ìjerò lónìí tí ẹ ń bèèrè Kọ́lá mẹkáníìkì, wọ́n lè bi yín pé Kọ́lá wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bèèrè Bàbá Ó-Dí, ọlọ́kadà èyíkéyìí á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà mi. Orúkọ yẹn kì í ṣe oríkì. Yẹ̀yẹ́ ni àwọn kan fi ń ṣe, ó wá bá mi lára mu títí mo fi gbàgbé pé yẹ̀yẹ́ ni. Ogójì ọdún ó lé ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọkọ̀, ibi tí ọkọ̀ ti ń mí ni mo sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wò. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Eékún mi ló ní kí n fi í sílẹ̀, kì í ṣe ọkàn mi.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni mò ń kọ èyí sí, ẹ̀yin tí àwọn òbí yín ń sọ pé kí ẹ lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, tí ẹ wá ń wo èékánná yín pé ṣé èyí ni mo fẹ́ fi kan ọ́ìlì. Mi ò ní tàn yín. Iṣẹ́ náà dọ̀tí, ó sì máa ń múni lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì mọ adùn rẹ̀, àfi ọjọ́ tí ọkọ̀ tó ti ń húkọ́ láti àárọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí jẹ́jẹ́ lábẹ́ ọwọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń pè ní mímí. Ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ bí èèyàn. Afẹ́fẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ gba inú fílítà kọjá, kí eruku má bàa bá a wọlé. Láti inú àpótí fílítà, họ́ọ̀sì rọ́bà kan ló ń gbé e lọ sẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ibi tí nǹkan méjì bá ti pàdé lójú ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ dí pátápátá. Bí ibì kan bá ṣí báyìí, bó ti wù kó kéré tó, eruku ilẹ̀ pupa wa yìí á gbabẹ̀ wọlé, á sì máa lọ irin inú ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń lọ ata. Ohun tó wá ń dá wa lóró ni pé ojúlówó ẹ̀yà ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n. Èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní Táíwàn níbi yòówù kí wọ́n ti ṣe é, ló kún ọjà. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ló burú. Kò kàn mọ ọkọ̀ náà rí ni, ìwọ lo máa mú wọn mọ ara wọn.

Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ kòkó ní Ara. Òun ló fà mí lé Ọ̀gá Àjàyí lọ́wọ́ ní Aramoko, ó ní, "Ọ̀gá, ojú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ bá mi dá sí." Báyẹn ni gbogbo òbí ìgbà náà ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbà mí wọlé, mi ò sì rí ẹ̀rín yẹn mọ́ fún bí ọdún kan. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì, kì í pariwo, kì í sì í nani. Ṣùgbọ́n bó bá ti pè ọ́ ní "ọ̀gbẹ́ni", o ti wọ gàù.

Òfin méjì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí mi ò rí níbòmíràn. Èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ súfèé níbẹ̀. Mo rò pé nítorí ejò ni, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń sọ. Kì í ṣe nítorí ejò. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ibi tí kò yẹ wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó máa ń súfèé tín-ín-rín, Ọ̀gá kò sì fẹ́ kí ìfé ẹnu wa dí òun lọ́wọ́ láti gbọ́ ti ọkọ̀. Òfin kejì ni pé bí o bá de họ́ọ̀sì tán, o kò gbọdọ̀ sọ pé "ó le". Ẹni tó bá sọ ọ́ á lọ pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù láti odò. Ọ̀gá á ní, "Mi ò bi ọ́ bóyá ó le. Ṣé ó dí?" Mo pọn omi títí àwọn tó ń fọṣọ lódò fi mọ orúkọ mi.

Ọ̀rọ̀ "dí" yìí gan-an ló kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá ń lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù àgbẹ̀ kan wà nílẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kabúrétọ̀ rẹ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ibi tí kabúrétọ̀ náà ti jókòó lórí ẹ́ńjìnnì sì ń jò. Ọ̀gá ní, "Kọ́lá, dí ojú afẹ́fẹ́ yẹn dáadáa kí n tó dé." Èmi ọlọ́gbọ́n wá mú àkísà, mo ká a, mo kì í bọ ẹnu kabúrétọ̀, mo fi igi tì í wọlé títí kò fi ku ihò tí eṣinṣin lè gbà. Mo dá fílítà padà lé e lórí. Mo wá jókòó, inú mi ń dùn.

Ọ̀gá dé, àgbẹ̀ tó ni ọkọ̀ dé, ọkọ̀ kò sítáàtì. Wọ́n yẹ epo wò, epo ń bọ̀. Wọ́n yẹ púlọ́ọ̀gì wò, iná wà. Bátìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán kí Ọ̀gá tó ṣí fílítà. Ó fi ìka méjì mú etí àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á jáde, ó ń fà, kò tán, bí ẹni ń fa ìfun ẹran. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gbẹ́ni, kí ni mo ní kí o ṣe?"

"Ẹ ní kí n dí i, sà."

"Bí mo bá ní kí o bá mi dí ulé mi tó ń jò, ṣé ẹnu ọ̀nà lo máa fi búlọ́ọ̀kù mọ?"

Àgbẹ̀ náà jókòó sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Títí di òní, bí mo bá kọjá ní Aramoko, ẹnì kan lè nahùn pè mí pé, "Kọ́lá, ṣé o ti rí ẹnu ọ̀nà?"

Ọjọ́ kejì ni Ọ̀gá fi agolo èéfín hàn mí. Agolo wàrà lásán ni, ó lu ihò méjì sí i lára, ó fi ẹyin iná àti èèpo kòkó gbígbẹ sínú rẹ̀. Ó so páǹpù kẹ̀kẹ́ mọ́ ihò kan, ó ti ọ̀pá rọ́bà bọ ìkejì. Ẹ́ńjìnnì á dákẹ́. A ó wá máa fi èéfín sínú họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, a ó sì tẹjú mọ́ gbogbo oríkèé rẹ̀. Ibi tí èéfín bá ti yọ, ibẹ̀ ló ń jò. "Èéfín nìwà, Kọ́lá," bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá máa ń wí. "Kò ṣe é fi aṣọ bò."

Níbẹ̀ ni mo ti rí ìdí tó fi kórìíra "ó le". Bí họ́ọ̀sì bá fẹ̀ ju ẹnu páìpù lọ díẹ̀, tí o wá fi kílíìpù fún un lọ́rùn, rọ́bà náà á hunjọ. Bí o bá fọwọ́ tì í, kò ní mì, wàá sì búra pé o ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ ibi tó hunjọ yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà, bí o bá sì ṣe ń fún un sí i ni ihò rẹ̀ ń jinlẹ̀ sí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Gbogbo èèyàn ló ń pa òwe yẹn. Èmi rí i pẹ̀lú ojú mi, èéfín ń yọ lára rẹ̀.

Mo gba fíríídọ̀mù, mo wá sí Ìjerò, mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀. Bí owó ṣe wọlé tó ṣe jáde kò kàn yín, a jẹun, àwọn ọmọ sì kàwé. Ayé iṣẹ́ wá ń yí. Kabúrétọ̀ ń kógbá wọlé, àwọn ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà nínú ń dé. Páìpù irin di ike. Wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ kan sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó, tó fi jẹ́ pé bí ibì kan bá ń jò lẹ́yìn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní mọ iye tí òun ń mí mọ́. Oníbàárà pọ̀, ọwọ́ mi yá, agolo èéfín sì di ohun tí mò ń gbé kọ́ ògiri. Mo ní ìrírí. Àṣé ìrírí náà lè mú ojú fọ́.

Bàbá Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀, Màmá Tíṣà, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì ti padà sílé ní Ìdó-Ilé. Èmi ni mo ń tún ọkọ̀ wọn ṣe. Ìgbà kan, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ ọkọ̀ náà ya. Mo wá Táíwàn kan, ó fẹ̀ ju ẹnu páìpù lọ bí ìbú ọ̀bẹ. Ìka tó bá tọ́ símú la fi ń ro imú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò kún ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Mo fi kílíìpù mú un, mo fi gbogbo agbára mi fún un, mo sítáàtì ọkọ̀.

Màmá Tíṣà ti jókòó síwájú. Òun ló ń kọ́ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn lórin, bí ẹnì kan bá ṣi ohùn láàárín ogún èèyàn, á na ìka sí onítọ̀hún. Ó ní, "Kọ́lá, nǹkan kan ń súfèé níbí o."

Mo gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, mo di họ́ọ̀sì mú, mo mì í. "Màmá, ẹ wò ó. Ó le bí òkúta."

"Mi ò ní kò le. Mo ní ó ń súfèé."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n mọ orin ọkọ̀, kí ẹ̀yin mọ orin ṣọ́ọ̀ṣì."

Gbogbo àwọn tó dúró bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọlúàbí ni, wọ́n sì lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn, dókítà ojú kan tó ń ti òkèèrè wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú òsì Màmá ní ilé ìwòsàn kan níhà Iléṣà. Ó ti kìlọ̀ fún wọn pé ojú náà ò lè dúró, kí wọ́n má jẹ́ kí ọjọ́ yẹn yẹ̀. Mi ò mọ̀. Bí mo bá tilẹ̀ mọ̀, bóyá ẹnu mi ì bá ṣì sọ ohun tó sọ.

Ní gbogbo ìgbà ọyẹ́ yẹn, ọkọ̀ náà ń fa eruku ọ̀nà Ìdó-Ilé sínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì. Bàbá Tíṣà ń fi kún un, ó rò pé ogbó ló ń ṣe é. Nígbà tí ọjọ́ dókítà pé, wọ́n jáde ní kùtùkùtù. Nígbà tí wọ́n ń gun òkè Ẹfọ̀n, èéfín búlúù bo ọkọ̀, agbára tán nínú rẹ̀, ó dúró. Àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá ti kún. Kí wọ́n tó rí ẹni gbé wọn, kí wọ́n tó dé, dókítà ti ṣiṣẹ́ tán, ó ti lọ. Ọjọ́ mìíràn tí wọ́n fún wọn jìnnà sí i ní oṣù mélòó kan. Ojú òsì Màmá kò dúró dè é.

Wọ́n fa ọkọ̀ náà wá bá mi. Mo tú họ́ọ̀sì kúrò, mo wo inú rẹ̀. Ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ibi tí rọ́bà ti hunjọ, ó sì lọ tààrà dé ẹnu ẹ́ńjìnnì. Mo fi ìka pa á. Ó kúnná bí àtíkè. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo sunkún níṣojú àwọn oníbàárà mi.

Mo gba Aramoko lọ. Ọ̀gá Àjàyí ti darúgbó, ó ń sá ìrẹsì ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Nígbà tí obìnrin yẹn sọ̀rọ̀, kí lo dá a lóhùn?"

"Mo ní ó le, sà."

Ó fọwọ́ tẹ́ ìrẹsì náà sílẹ̀ tán. Ó wá ní, "Dìde. Odò tí mo máa rán ọ lọ báyìí, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ìdó-Ilé ni."

Mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo sọ òótọ́ fún wọn pé àìkíyèsí mi ni, pé kì í ṣe ogbó ọkọ̀. Bàbá Tíṣà gbé mi dìde. Màmá ní, "Kọ́lá, mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní wọ ọkọ̀ tó bá ti ọwọ́ rẹ jáde mọ́." Mo tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe láti ìpìlẹ̀, Bàbá sì ń wà á. Màmá kò wọ̀ ọ́. Ọkadà ló ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àgbàlagbà obìnrin, òjò àti oòrùn. Ohun tó dùn mí jù láyé mi nìyẹn, ó dùn mí ju kó bú mi lọ.

Ọjọ́ tí mo ti Ìdó-Ilé dé ni mo ti sọ agolo kalẹ̀ lára ògiri. Mo pinnu pé ọkọ̀ kankan ò ní kúrò lọ́dọ̀ mi láìjẹ́ pé èéfín ti wò ó, ì báà jẹ́ ọkọ̀ ọba. Bí ẹnu ike Táíwàn bá ní ìlà tí mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi rọ ọ́ fi sílẹ̀, mo máa fi pépà oníyanrìn pa á rẹ́, torí abẹ́ ìlà yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Mo máa fi ẹfun pa etí àpótí fílítà, mo máa dé e, mo máa tún un ṣí. Ibi tí ẹfun kò bá mú lára rọ́bà fílítà, ibẹ̀ kò pàdé. Họ́ọ̀sì tó bá fẹ̀ jù, mo máa dá a padà fún ẹni tó tà á, bí oníbàárà tiẹ̀ ń kanra. Wọ́n á ní, "Kọ́lá, jẹ́ ká máa lọ, ó ti le!" Màá ní, "Kò tíì dí." Báyìí ni mo ṣe di Bàbá Ó-Dí. Àwọn kan sá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mi ò lé wọn.

Mo kọ́ nípa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà, kí ẹ má rò pé arúgbó aláìmọ̀kan ni mí. Ẹ̀rọ dára. Ṣùgbọ́n á sọ fún ọ pé olè wọlé ni, kò ní sọ fèrèsé tó gbà. Nígbà tí mo rí ẹ̀rọ èéfín ìgbàlódé ní Adó, tí wọ́n ń ki iná mànàmáná bọ̀, mo rẹ́rìn-ín títí. Agolo Ọ̀gá mi ló lọ sílé ìwé gíga.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Tíṣà gbé ọkọ̀ mìíràn wá, èyí tí ọmọ wọn fún wọn. Họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ya, Táíwàn nìkan ló sì wà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Àwọ̀ funfun ti bo ojú ọ̀tún Màmá, èyí tó kù. Iléṣà náà ni wọ́n tún ń lọ, òkè Ẹfọ̀n náà ni wọ́n máa gbà. "Màmá ò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni mo gbé e wá," ó ní. "Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Rárá, sà. Ẹ sọ fún un. Ẹ mú un wá síbí kó fetí ara rẹ̀ gbọ́. Bí kò bá gbà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn."

Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi wà lórí họ́ọ̀sì kan. Mo pa ẹfun, mo fi èéfín wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, kò yọ níbì kankan. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá fa Màmá lọ́wọ́ wọlé. Kò kí mi ju "Ẹ kú uṣẹ́" lọ. Ó wọ ọkọ̀, ó jókòó síwájú, ó ní, "Ẹ pa ẹnu mọ́, gbogbo yín." Mo sítáàtì ọkọ̀. Ó ní kí n tẹná sí i. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe máa ń ṣe sí àwọn akọrin.

"Kọ́lá, ó ń súfèé."

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Èéfín ti jẹ́rìí mi lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tó dúró ń wo ẹnu mi. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá," mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ó tó wákàtí kan kí n tó rí i. Họ́ọ̀sì náà kúrú díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́, ó dí, èéfín ò lè yọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹná, ẹ́ńjìnnì á gbéra díẹ̀, á fa họ́ọ̀sì náà, etí kan á sì là bí irun orí. Mo wá òmíràn tó gùn jù ú lọ ní ìbú ìka kan, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn. Mo sítáàtì, mo tẹná, mo tún un tẹ̀. Ó gbọ́, ó gbọ́. Ìyà ń jẹ ọkàn mi.

Ó ní, "Ó dí."

Èmi ni mo wa ọkọ̀ náà lọ́jọ́ dókítà. Nígbà tí a dé ibi tí ọkọ̀ ìjọ́sí ti kú lórí òkè Ẹfọ̀n, Màmá gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fetí sí ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ náà gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, a sì dé kí dókítà tó dé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú báńdéèjì kúrò lójú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo Bàbá Tíṣà, ó fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó wá yíjú sí èmi tí mo dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó wò mí pẹ́.

"Ta rèé?"

"Èmi ni, Màmá. Kọ́lá ni."

"Kọ́lá?" Ó tún wò mí láti òkè délẹ̀. "O mà ti darúgbó o, ọmọ mi. Lọ gbé ọkọ̀ wa wá, jẹ́ ká relé."

Mo lọ gbé e wá, mo tẹná sí i lẹ́ẹ̀kan, mo tẹ́tí sí i: ó dí.